Ṣúgà Nínú Táǹkì Mọ́tò Pupa

Ṣúgà ni wọ́n bá lẹ́nu táǹkì. Nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá wọn tó ń jẹ́ Jacques ló fi ìka wá a jáde níbi tí wọ́n ti ń rọ epo sí mọ́tò náà, ó sì nà án sí mi bí ẹni pé kí n tọ́ ọ wò.

"Madame Sakinah, kí lèyí?"

"Ṣúgà ni."

"Ta ló da ṣúgà sínú mọ́tò tí àbúrò rẹ tún ṣe?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé ibí lẹ máa bá mi? Ọrùn onítọ̀hún ni mi ò bá wà."

Faransé ni mo fi sọ ọ́. Mo tún fi Yorùbá sọ ọ́ sábẹ́ ètè, mo sì fi èpè díẹ̀ kún un. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹ bi wọ́n ní ọjà Mboppi níbi tí mo ti ń ta àǹkárá. Ẹni tó bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, màá kọ́kọ́ tẹ tiẹ̀ pa dà ná, kí n tó gba "ẹ pẹ̀lẹ́" lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Nàfíù ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, mẹkáníìkì ni ní Ndogbong. Mọ́tò tí à ń wò yìí, mọ́tò eléré sísá ni, onílẹ̀kùn méjì, ó pupa fòò, ó sì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wakọ̀ ní Douala lọ. Ti Monsieur Aurélien ni, olówó kan ní Makepe. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Nàfíù tún un ṣe tán tó sì dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, Vanessa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Aurélien bí, gbé e jáde, ó ń lọ sí Bonabéri. Orí afárá Wouri ni ẹ́ńjìnnì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ agégẹdú tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́ yà fún un, kò yà tán, ó run ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Dókítà ní òun ò rò pé á tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ láyé.

Wọn ò tíì gbé ọmọ náà dé ọsibítù tí wọ́n ti mú Nàfíù. Ọdún tí ìjà ilẹ̀ Bakassi láàárín Nàìjíríà àti ìjọba ibí gbóná janjan ni. Ọmọ Nàìjíríà tó bá wúkọ́ nígbà yẹn, wọ́n á ní ó ń fi ikọ́ ránṣẹ́ sí Àbújá. Jacques ti sọ fún mi pé tó bá di àárọ̀ ọ̀la, mọ́tò àwọn ṣọ́jà máa wá kó àwọn tí wọ́n pè ní amí lọ sí Yaoundé, Nàfíù sì wà lára wọn. Àwọn tí wọ́n kó lọ ṣáájú, títí di òní, a ò rí ẹyọ kan nínú wọn kó padà wálé.

Mo ti búra. Mo ní kí n rí ẹni tó ṣe é ná. Ohun tí ojú Nàfíù ń rí, ojú rẹ̀ á rí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ó sì dúró wò ó, n ò ní í ṣẹ́jú.

"Àǹtí, má sunkún."

Mo yíjú. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló dúró lẹ́yìn mi, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ó gbé àpótí sípánà dání, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kíkí ni. Ilé-iṣẹ́ aṣúráńsì ló ń rán an kiri Douala láti wo mọ́tò tó bá ti forí sọ, kó lè sọ ohun tó ṣe mọ́tò àti ẹni tó ń parọ́. Wọ́n ní bí Kíkí bá ti wo mọ́tò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Douala ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń tiro.

"Ta lò ń sọ pé 'má' fún? Mo ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí ẹ."

"Pardon, Àǹtí. Ẹ má sunkún."

"Mi ò sunkún. Inú ló ń bí mi."

"Ìyẹn dáa jù." Ó kọjú sí Jacques. "Ọ̀gá, báwo ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe kú?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣúgà hàn. Nàfíù ló pa á."

"Mi ò bèèrè ẹni tó pa á. Bó ṣe kú ni mo bèèrè."

Aurélien fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì fẹ́ wo apá ibi tí mo dúró sí. Ó ní Vanessa sọ fún òun pé mọ́tò náà dáa láti Makepe. Ìgbà tó dé Deïdo tó fẹ́ sáré, ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ó kú. Ọmọ náà dúró lẹ́bàá ọ̀nà díẹ̀, ó tún ṣí i, ó dún bí ẹni pé kò ṣe é rí. Ló bá gun afárá. Bó ṣe tẹná lórí afárá, ó tún kú.

"Àwọn ènìyàn yín ló bà mí láyé jẹ́," Aurélien sọ fún mi níkẹyìn.

Ojú mi ranko. Aurélien yìí kan náà ló bá àwọn agbófinró káàkiri Mboppi lọ́dún tó kọjá, tó ń nawọ́ sí ìsọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí kátì séjúù, ìwé ìgbélùú rẹ̀, bá ti kú. Kí oṣù tó parí, òun ló ni àwọn ìsọ̀ tó nawọ́ sí. Mo fẹ́ dá a lóhùn, Kíkí gbé ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ ẹ́, Àǹtí. Ẹnu yín máa rí nǹkan ṣe."

Ó wọnú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Láìka bí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà ṣe rún sí, ẹ́ńjìnnì dún, ó ń kùn geere.

Jacques la ẹnu. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ ní ṣúgà ló pa á. Òkú tó ń kọrin rèé."

Kíkí ní kí wọ́n fún òun ní ìgò omi tó ṣófo, ó bu epo sí i, ó tọrọ ṣúgà tí àwọn ọlọ́pàá fi ń mu tíì, ó dà á sínú ìgò náà, ó mì ín títí. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, gbogbo ṣúgà náà lọ jókòó sí ìdí ìgò, kò yòrò, kò dín.

"Inú omi ni ṣúgà ti ń yòrò. Kì í yòrò nínú epo. Ìdí táǹkì ló máa jókòó sí."

"Kí ló wá pa ẹ́ńjìnnì?"

"Ẹ jẹ́ ká pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, a máa rí i."

Ó tẹná. Mọ́tò náà bú ramúramù, gbogbo ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá gbọ̀n. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun, ó gbọ̀n, ó kú. Kíkí fò sílẹ̀, ó ṣí iwájú mọ́tò, ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, ó ní kí Jacques yí kọ́kọ́rọ́. Iná ṣẹ́ pààrà lẹ́nu wáyà náà.

"Iná wà. Kọ́ìlì ò jẹ̀bi." Ó yọ hóòsì tó ń gbé epo wá sí kábúrétọ̀. "Ẹ tún yí i."

Gbẹrẹfu. Ẹ̀kán epo kan ò jáde.

Kíkí fẹ̀yìn ti mọ́tò, ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Jacques ń wo aago. Èmi ń wo ọ̀run, torí oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni Kíkí ní, "Ẹ yí i báyìí." Epo tú jáde lẹ́nu hóòsì pẹ̀ẹ̀, ó fọ́n sí bàtà Jacques.

"Ẹ rí i? Bí ẹ bá tẹná, epo ò wá mọ́. Bí ẹ bá sinmi, epo padà. Nǹkan kan ń léfòó kiri inú táǹkì yìí. Bí pọ́ǹpù bá ń fa epo gidi, ó máa fa nǹkan náà mọ́ ẹnu páìpù, ó máa dí i pa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pọ́ǹpù ò fa nǹkan kan mọ́, nǹkan náà máa já bọ́. Ọmọ náà rò pé mọ́tò ti gbádùn ni, ó gbé e gun afárá."

Ó fa epo táǹkì náà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fi wáyà ẹlẹ́nu ìkọ́ wá inú rẹ̀. Nígbà tó máa fa wáyà jáde, aṣọ ni ó gbé bọ̀: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò ju áńkáṣíìfù lọ, aró rẹ̀ ti ṣí. Ó lọ́ kókó níbi tí wọ́n ti dì í tẹ́lẹ̀, ṣúgà díẹ̀ ṣì há sínú ìṣẹ́po rẹ̀.

Jacques rẹ́rìn-ín. "Àkísà! Ta ló ń lo àkísà bí kò ṣe mẹkáníìkì?"

"Àkísà tí wọ́n di ṣúgà sí?"

"Mademoiselle, ìgò àti àkísà ò wọ àtìmọ́lé. Ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ mú ènìyàn wá fún mi kí n tó ti ọ́fíìsì mi lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Nàfíù á wọkọ̀."

Kíkí fún aṣọ náà gbẹ, ó ká a sínú bébà ẹ̀pà rẹ̀.

*

Èmi ti mọ ẹni tó ṣe é, tàbí kí n sọ pé mo rò bẹ́ẹ̀. Christian ni. Gáràjì Christian kọjú sí ti Nàfíù ní Ndogbong, ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, òun ló sì ń tún mọ́tò pupa náà ṣe kí Aurélien tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún Nàfíù. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ bó ṣe ní Nàfíù á jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Kí Kíkí tó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, mo ti di kọ́là ẹ̀wù Christian mú.

"Ìwọ ọmọ àlè yìí, o fẹ́ kí wọ́n pa àbúrò mi!"

"Madame, ẹ fi mí sílẹ̀! Kí ni mo ṣe?"

"Ṣúgà!"

"Ṣúgà wo?"

Kíkí yọ ọwọ́ mi níkọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ̀rọ̀ ṣúgà náà fún un. Christian tú sí ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì bí mi nínú ju èébú lọ.

"Mo bínú sí Nàfíù lóòótọ́. Àmọ́ mẹkáníìkì ni mí. Bí mo bá fẹ́ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, iyanrìn ni màá dà sínú ọ́ìlì rẹ̀, kò ní í dé ìkóríta. Ṣúgà? Ọ̀gá tó kọ́ wa máa ń fi ṣúgà inú epo ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn oníbàárà ni. Ẹni tí kò mọ mọ́tò ló gbà pé ṣúgà ń pa mọ́tò."

Kíkí wò mí. "Ẹ gbọ́? Ọ̀gá kan náà ló kọ́ Nàfíù. Nàfíù náà mọ̀ pé ṣúgà ò wúlò. Ẹni tó fi ṣúgà síbẹ̀ ò tún mọ́tò ṣe rí."

"Àbí kó jẹ́ pé irọ́ ló ń pa láti bọ́."

"Ó lè parọ́ nípa ìbínú. Kò lè parọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìgbéraga ò ní í jẹ́ kó ṣe é." Ó yíjú sí i. "Christian, o rí ẹnikẹ́ni nídìí mọ́tò náà lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Ojú tì í kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun yọjú sí gáràjì Nàfíù ní àkókò ìrun Jímọ̀, torí òun mọ̀ pé gbogbo wọn á ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun fẹ́ wo iṣẹ́ tí Nàfíù ṣe lára mọ́tò náà. Àmọ́ òun bá ẹnì kan nínú jàlábíà funfun tó dúró sẹ́yìn mọ́tò, ó kọ̀yìn sí òun. Òun rò pé Nàfíù ni, òun sì rọra padà.

"Jàlábíà funfun lọ́jọ́ Jímọ̀," mo ní. "Ìdajì Mboppi nìyẹn!"

"Ìdajì Mboppi wà ní mọ́ṣáláṣí, Àǹtí. Ẹnì kan ò lọ."

*

Wọ́n jẹ́ ká rí Nàfíù lójú fèrèsé onírin. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín sí mi kí ẹ̀rù má bàa bà mí, bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń ṣe láti kékeré. Mo wá rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ìka náà wú bọ́lọ́bọ́lọ́, wọ́n dúdú, wọn ò ká mọ́.

"Ta ló ṣe ọwọ́ ẹ báyìí?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Àǹtí."

"Mo ní ta ló ṣe é?"

"Wọ́n ní kí n fi sípánà júwe bí mo ṣe ṣe é. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gba sípánà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lu ọwọ́ náà."

Mi ò mọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn. Kíkí ló fà mí sẹ́yìn tó bọ́ sí iwájú.

"Nàfíù, o fọ táǹkì náà?"

"Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Inú rẹ̀ mọ́ ju àwo ìjẹun lọ. Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo dè é padà tí mo sì rọ epo sí i."

"Ìdérí rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọwọ́ lásán lèèyàn ń fi ṣí i."

"Ní àkókò Jímọ̀, ta ló kù ní gáràjì?"

"Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo wa la lọ." Ó ronú díẹ̀. "Àfi Bàbá Àìṣà. Ó wá kí mi, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, kò lè forí kanlẹ̀. Ó ní òun á bá wa ṣọ́ ibẹ̀."

"Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí," mo yára sọ.

Kíkí wulẹ̀ ń wò mí.

Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sí Mboppi, ó bi mí ta ni Bàbá Àìṣà. Mo sọ fún un. Barakatullahi lorúkọ rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Òun ló jókòó tì mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Nàfíù tó ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ò ní í sùn. Ìyá Àìṣà kú nígbà tó ń bí ọmọ náà, bàbá nìkan ló tọ́ ọ. Nígbà tí Aurélien ń nawọ́ sí àwọn ènìyàn, ó nawọ́ sí Barakatullahi, wọ́n gbé e. Ibà ń ṣe Àìṣà lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ló wà nílé. Kí wọ́n tó dá bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ibà ti gbé ọmọ lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kí Barakatullahi rẹ́rìn-ín sókè mọ́.

"Àǹtí, ẹ na ọwọ́."

Mo nawọ́. Kíkí gbé aṣọ inú táǹkì lé e. Mo fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ lọ, bí a ṣe ń ṣe sí gbogbo aṣọ tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Etí aṣọ náà le, ó ní wóró wóró tó ń họ èèyàn lọ́wọ́. Iná ni wọ́n fi jó o yípo. Ṣífọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ń jó etí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí obìnrin fi ń borí, torí bí wọn ò bá jó o, ó máa tú ní fọ́nrán fọ́nrán. Àwa aláǹkárá kì í ṣe é. Mẹkáníìkì ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é.

Òwò ṣífọ́ọ̀nù, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní ọ̀wọ́ tiwa.

"Ìwọ ti mọ̀," mo ní.

"Mo fura. Àmọ́ Jacques ò ní í gba ọ̀rọ̀ aṣọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́."

"Ó ń jókòó tì mí, Kíkí. Ó ń jókòó tì mí, ó ń pe Ọlọ́run!"

Mo kàn di aṣọ náà mú títí a fi dé ọjà.

*

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná," Kíkí bẹ̀ mí.

Barakatullahi wà nínú ìsọ̀ kékeré tí wọ́n fún un dípò ti tẹ́lẹ̀, lórí àga, ó na orúnkún rẹ̀. Ó rí mi, ó fẹ́ dìde.

"Sakinah, kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n máa tú u sílẹ̀?"

Mo jẹ́ kí Kíkí dáhùn. Ó ní òun fẹ́ ra ṣífọ́ọ̀nù tó tó ìborí kan. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó mú láítà, ó ń fi iná tọ etí rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé iná, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń wò.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń jó o?"

"Kó má bàa tú ni, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, kò lè jẹ́ kí aṣọ kọjá láìjó etí rẹ̀."

"Títí kan èyí tẹ́ ẹ máa jù sínú epo bẹntiróòlù?"

Ó tẹ́ aṣọ inú táǹkì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Wóró kan náà, ìtẹ̀ àtàǹpàkò kan náà. Barakatullahi wo méjèèjì, ó pa iná láítà. Kò jiyàn.

"Ẹ gbà pé ṣúgà á yòrò, á pa ẹ́ńjìnnì," Kíkí ní. "Ẹ dì í sínú aṣọ kó má bàa fọ́n sílẹ̀ kí Nàfíù rí i, ẹ sì tì í wọnú táǹkì. Ṣúgà ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Aṣọ yín ló tú tó dí epo."

"Aṣọ?" Ó rọra sọ ọ́. "Aṣọ ni?"

"Vanessa ò ní í rìn mọ́," mo ní.

"Mo gbọ́. Mọ́tò ni mo fẹ́ pa, Sakinah. Ọjọ́ tó nawọ́ sí mi, inú mọ́tò pupa yẹn ló jókòó sí, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí n gba ohun tó fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, mo sunkún." Ó gbójú sókè. "Lẹ́yìn náà mo jẹun. Láti ọjọ́ tí mo ti sin Àìṣà, oúnjẹ ò tíì dùn lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀."

Mo sún mọ́ ọn. "Nàfíù ńkọ́? Nàfíù tó ń pè ọ́ ní bàbá?"

Mi ò pè é ní "o" rí. Àgbà ni sí mi. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

"Mo ń retí kí wọ́n dá a sílẹ̀."

"Bí wọn ò bá wá dá a sílẹ̀?"

Mo gbá a létí. Àwọn tó wà nítòsí pariwo, wọ́n ní èèwọ̀, Sakinah, àgbàlagbà! Mi ò gbọ́ tiwọn. Barakatullahi bá dé fìlà rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Kíkí kó fà á dìde.

"Bàbá, mi ò ní okùn lọ́wọ́ o. Ẹ lè sá."

"Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi sá? Ẹ jẹ́ ká lọ gba ọmọ náà."

*

Jacques gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ṣàlàyé etí aṣọ náà fún un, Barakatullahi fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, wọ́n sì lọ ṣílẹ̀kùn fún Nàfíù. Jacques wá béèrè ìwé Barakatullahi. Kátì séjúù rẹ̀ ti kú.

"Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn," Jacques ní. "Bí ará Douala kan bá lè fọwọ́ sí i pé òun mọ ọkùnrin yìí, níbí ló ti máa jẹ́jọ́, níwájú adájọ́. Bí kò bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé òun ló máa wọ mọ́tò ṣọ́jà lọ́la ní ipò Nàfíù. Madame Sakinah, ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo wo ojú Barakatullahi dáadáa. Mo rántí ọwọ́ àbúrò mi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Kíkí dáwọ́ ẹ̀pà jíjẹ dúró.

Barakatullahi mi orí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Aurélien wí nígbà tí wọ́n bi í nípa tèmi. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ mi wà nílé. Ó ní òun ò mọ̀ mí."

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, pé mo ní mi ò mọ̀ ọ́n yẹn dùn mọ́ mi. Ó dùn dé inú egungun. Mo jáde lọ pàdé Nàfíù lórí àtẹ̀gùn, mo gbá a mọ́ra, mo ń fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é," ó ní. "Ta ni?"

Mo sọ fún un. Mo ń fà á kí a máa lọ, kò tẹ̀ síwájú.

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?"

"Mọ́tò ṣọ́jà ló máa wọ̀ lọ́la. Jacques bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Nàfíù yọ ọwọ́ tó wú náà kúrò lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe ń dùn ún. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ padà lọ sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Orí ẹ dàrú ni? Wo ọwọ́ ẹ! Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Jẹ́ kó lọ!"

"Inú ń bí mi sí i, Àǹtí. Bí wọ́n bá ní kí n gbá a, màá fi ọwọ́ òsì gbá a. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ wẹ Àìṣà nígbà tó kú. Ẹ ò lè ní ẹ ò mọ bàbá rẹ̀." Ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Mi ò ní í kúrò níbí títí ẹ fi máa padà wọlé."

Mo bú u. Mo bú Barakatullahi, mo bú Aurélien, mo bú Bakassi àti gbogbo ẹni tó ń du ilẹ̀ láìmọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Nàfíù ò mira. Oòrùn ń wọ̀, Jacques sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tó fẹ́ fi ti ọ́fíìsì rẹ̀.

Mo padà wọlé.

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. "Barakatullahi ni. Bàbá Àìṣà. Mboppi ló ti ń ta aṣọ, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹ mú bébà wá kí n fọwọ́ sí i."

Barakatullahi bú sẹ́kún. Ó fẹ́ di ẹsẹ̀ mi mú, mo fà á sẹ́yìn.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," mo sọ fún un. "Mo mọ̀ ọ́ ni. Mi ò tíì dárí jì ọ́."